Bí hard disk bá ń falẹ̀, C5 àti C7 ni kí ẹ kọ́kọ́ wò

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka ohun tí ẹ kọ láti Ọ̀fà: kọ̀ǹpútà tí ẹ fọwọ́ ara yín tò, hard disk 1TB tó jẹ́ tòkunbọ̀, Task Manager (ojú ìwé Windows tó ń fi bí kọ̀ǹpútà ṣe ń ṣiṣẹ́ hàn) tó ń sọ pé hard disk wà ní 100% látàárọ̀ dalẹ́, fáìlì 10GB tó ń gba nǹkan bíi wákàtí kan. Ẹ ní wọ́n sọ pé kí ẹ nu ún kí ẹ tún gbé Windows sórí rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ṣe é. Bí hard disk yẹn bá ti ń kú lọ, iṣẹ́ yẹn lè parí rẹ̀, àwọn fáìlì yín á sì bá a lọ.

Ẹ gba CrystalDiskInfo, ètò tó ń ka ìlera hard disk síta, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ wọ Function, Advanced Feature, Raw Values, kí ẹ yan 10 [DEC]. Bí ẹ kò bá yí i, ẹ máa rí 1F, ẹ ò sì ní mọ̀ pé 31 ló ń sọ. Ìlà 05, C5 àti C7 ni kí ẹ wò. 05 ni iye sẹ́kítọ̀ (àyè kékeré tí hard disk ń kó dátà sí) tó ti bàjẹ́ tí hard disk ti fi òmíràn rọ́pò. C5 ni àwọn tó ń ṣòro láti kà, tí kò tíì mọ ohun tó máa fi wọ́n ṣe. C7 yàtọ̀: iye ìgbà tí dátà dàrú lójú ọ̀nà láàárín hard disk àti bọ́ọ̀dù ló ń kà, tí wọ́n fi ní láti tún fi í ránṣẹ́. (Bó bá jẹ́ Seagate ni, ẹ má jẹ́ kí nọ́ńbà gbọ̀ọ̀rọ̀ tó wà ní 01 àti 07 já yín láyà. Bí wọ́n ṣe ń kọ tiwọn nìyẹn.)

C7 kì í padà sí òdo, nítorí náà ó lè jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ wáyà ẹni tó lò ó ṣáájú yín lẹ ń rí. Ẹ kọ iye rẹ̀ sílẹ̀, ẹ da fáìlì bíi 20GB kọ, kí ẹ tún wò ó. Bó bá ti lé, wáyà SATA, èyí tó ń gbé dátà láàárín hard disk àti bọ́ọ̀dù, ni kí ẹ kọ́kọ́ mú. Ẹ yọ ọ́, kí ẹ gbé ẹnu rẹ̀ sí ìmọ́lẹ̀: eyín méje ló wà níbẹ̀, ó sì yẹ kí gbogbo wọn máa dán. Eruku ọyẹ́ máa ń wọ ibẹ̀, wáyà olówó pọ́ọ́kú tí kò ní irin tó ń dì í mú sì máa ń tú díẹ̀díẹ̀ bí hard disk ṣe ń gbọ̀n. Ẹ ra èyí tó ní irin yẹn, 50cm ti tó, ẹ má ṣe ká a pọ̀ mọ́ra, kí ẹ sì fi sí ihò mìíràn lórí bọ́ọ̀dù.

Bó bá jẹ́ C5 ló ń lé, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀. Hard disk á kàn máa gbìyànjú sẹ́kítọ̀ kan náà léraléra, gbogbo ohun tó kù á sì tò sẹ́yìn rẹ̀, bí ìgbà tí ẹnì kan dúró lẹ́nu ATM tí káàdì rẹ̀ kọ̀ tí kò sì kúrò níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń rí 100% pẹ̀lú 0 KB/s. Ẹ má ṣe chkdsk /r (àṣẹ Windows tó ń yẹ gbogbo sẹ́kítọ̀ wò) sí i, torí á fi ọ̀pọ̀ wákàtí lọ hard disk tó ti rẹ̀. Ẹ kó fáìlì jáde ná pẹ̀lú robocopy, àṣẹ ìdàkọ tó wà nínú Windows. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sínú Command Prompt; D ni hard disk tó ń ṣàìsàn, E ni ibi tí fáìlì ń lọ:

robocopy D:\ E:\ipamo /E /R:1 /W:1

R àti W yẹn ṣe pàtàkì gidigidi. Láìsí wọn, robocopy á gbìyànjú fáìlì tó bàjẹ́ nígbà mílíọ̀nù kan, á sì sinmi fún ìṣẹ́jú-àáyá 30 láàárín ìgbìyànjú kọ̀ọ̀kan. Fódà tí ẹ kò lè pàdánù ni kí ẹ kọ́kọ́ kó, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kí kọ̀ǹpútà wà lórí UPS tàbí inverter, torí bí iná bá lọ láàárín iṣẹ́, hard disk náà lè má tún dìde mọ́. Bó bá ń dún kẹ́-kẹ́-kẹ́, ẹ pa á.

Bí C5 àti C7 kò bá yí padà, ẹ lọ sí iná. Ẹ fi mítà wọn ẹnu wáyà power pack nígbà tí hard disk ń ṣiṣẹ́: wáyà yẹ́lò sí dúdú gbọ́dọ̀ wà láàárín 11.4V sí 12.6V, pupa sí dúdú láàárín 4.75V sí 5.25V. Ẹ yọ gbogbo wáyà tó ń pín iná sí méjì kúrò, torí hard disk ńlá lè fa nǹkan bí 2A lórí 12V nígbà tó bá ń gbéra. Ẹ wo ìgbóná náà: nínú ooru oṣù Ẹrẹ́nà, bó bá kọjá 50°C, ẹ gbé fáànù síwájú rẹ̀.

Nǹkan kan wà tí kì í ṣe àìsàn. Àwo hard disk 7200 (iye ìgbà tó ń yí ní ìṣẹ́jú kan) ń yí nígbà 120 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Kó tó bá fáìlì kékeré kan á gba nǹkan bíi 12 ms (ìdá ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá ni ms kan), ìyẹn bí ọgọ́rin fáìlì péré ní ìṣẹ́jú-àáyá. Nítorí náà, fáìlì ńlá kan lè máa lọ ní 150 MB/s kí fódà tó kún fún àwòrán kéékèèké má tó 5. Àwọn tó ń jẹ́ SMR tún wà, tí ìlà tí wọ́n ń kọ dátà sí gun ara wọn bíi páànù òrùlé: wọ́n á bẹ̀rẹ̀ dáadáa, bí ẹ bá sì ti da ọ̀pọ̀ GB lé wọn lórí, wọ́n á já wálẹ̀ pátápátá. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ fún wákàtí mélòó kan láìpa kọ̀ǹpútà, wọ́n á tún ara wọn tò. Tiyín ń falẹ̀ lórí fáìlì kan ṣoṣo, nítorí náà mi ò rò pé ìyẹn ni.

Ẹ wo ìlà 09 pẹ̀lú, wákàtí tó ti fi ṣiṣẹ́ ni. Ọdún kan láìsinmi jẹ́ 8,760. Ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ tí wọ́n yọ lára ẹ̀rọ CCTV ti ju 30,000 lọ. Ẹ fi iye 05, C5, C7 àti 09 ránṣẹ́ sí mi kí ẹ tó ra ohunkóhun.