Èjìká ń dùn mí, owó mi kò sì pọ̀: ọ̀pá fly wo ni kí n rà fún omi iyọ̀?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni mí, ọmọ ọdún 52, Houston ni mo fi ṣe ilé. Bàbá mi ju àwọ̀n lórí ọ̀sà títí ogbó fi dé sí wọn, ṣùgbọ́n èmi kò fọwọ́ kan ọ̀pá fly, ìyẹn ọ̀pá ìpẹja tí wọ́n fi ń ju ìjẹ fífúyẹ́, rí àfi lóṣù tó kọjá, nígbà tí ẹnì kan níbi iṣẹ́ wa mú mi lọ sí Galveston létí òkun Texas níbí. Àárọ̀ ọjọ́ kan péré ni mo fi jù ú, èjìká ọ̀tún mi sì dùn mí fún ọjọ́ mẹ́ta. Síbẹ̀, ó wù mí. Mo wọ ṣọ́ọ̀bù kan, ọmọ tó ń tajà ní èyí tí kò bá tó $900 kò ní pẹ́ bàjẹ́ nínú omi iyọ̀. Owó tí mo yà sọ́tọ̀ kò ju $450 lọ fún ọ̀pá, ríìlì àti okùn. Ṣé ó tó? Báwo ni mo sì ṣe máa jù ú tí kò ní máa ni mí lára?

ÌDÁHÙN: Ẹ̀gbọ́n, owó yín tó. Ohun tí ọmọ yẹn sọ, ọ̀rọ̀ ọjà ni. Iyọ̀ kì í jẹ graphite, ìyẹn fọ́nrán carbon tí wọ́n fi ṣe ọ̀pá. Irin ara rẹ̀ ló ń jẹ: àwọn òrùka tí okùn ń gba inú wọn kọjá, àti ibi tí ríìlì ń jókòó sí. Tí ẹ bá mú ọ̀pá kan ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ yí ìdí rẹ̀ wò. Tó bá jẹ́ pákó dídán mèremère ni wọ́n fi ṣe ibùjókòó ríìlì, ti odò ni, ẹ dá a padà. Aluminium tí wọ́n ti ṣe ní anodized, ìyẹn tí wọ́n ti ṣe ojú rẹ̀ kí iyọ̀ má tètè jẹ ẹ́, ni ẹ ń wá, kí ìdí ọ̀pá sì yọ díẹ̀ kọjá ríìlì, kí ẹ lè fi ti ikùn nígbà tí ẹja bá ń fà.

Kí wá ni wọ́n ń fi $900 rà? Ọ̀pá olówó ńlá máa ń fúyẹ́, orí rẹ̀ kì í sì í gbọ̀n pẹ́ lẹ́yìn tí ẹ bá ti jù ú. Ẹni tó ń ju okùn dé ẹsẹ̀ bàtà 80 á mọ̀ ọ́n lára. Omi Galveston kì í mọ́ tó ti gúúsù Florida; kí ẹ tó rí ẹja níbẹ̀, ó sábà máa ń ti sún mọ́ yín tó ẹsẹ̀ bàtà 40, nígbà mìíràn kò tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀pá $200 ń dé ibẹ̀ láìlàágùn.

Nísinsìnyí, nọ́ńbà tó wà lára ọ̀pá. Ẹ rántí àwọ̀n bàbá yín: òjé tó wà létí àwọ̀n ló ń fà á ṣí, òun náà ló ń gbé e lọ. Ìjẹ fly kò ní òjé. Ìyẹ́ àti irun ni wọ́n dì mọ́ ìwọ̀, kò wúwo tó nǹkan kan. Okùn fúnra rẹ̀ ni ẹrù, ìdí nìyẹn tó fi nípọn tó bẹ́ẹ̀. Òun ló ń tẹ ọ̀pá, ọ̀pá tó tẹ̀ ló sì ń jù ú padà. Nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára ọ̀pá ń sọ ìwúwo okùn tó bá a mu. Ẹsẹ̀ bàtà 30 àkọ́kọ́ nínú okùn nọ́ńbà 8 wúwo tó grain 210, ìyẹn bíi gíráàmù 13 àti ààbọ̀. Ti nọ́ńbà 10 jẹ́ 280. Nọ́ńbà 5 tí àwọn apẹja odò ń lò, afẹ́fẹ́ Galveston á gbá okùn rẹ̀ padà sójú yín. Nọ́ńbà 12 wà fún tarpon, ẹja tó lè ju ìwọ̀n pọ́n-ùn 100 lọ (ó wà létí òkun tiwa ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà náà), ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí èjìká yín sinmi ná.

Nọ́ńbà 8 ni ti redfish, gígùn rẹ̀ ẹsẹ̀ bàtà 9, kí ó jẹ́ èyí tó ṣeé tú sí ọ̀nà mẹ́rin. Redfish yìí, ìbátan croaker tí ẹ mọ̀ lọ́jà ni. Ní Texas, èyí tó wà láàárín ínṣì 20 sí 28 ni òfin gbà kí ẹ mú lọ sílé, mẹ́ta lójúmọ́, nọ́ńbà 8 sì ká gbogbo wọn. Tí ìrora yẹn kò bá lọ bọ̀rọ̀, ẹ gba nọ́ńbà 7, kí ẹ sì máa yan ọjọ́ tí afẹ́fẹ́ rọ̀.

Wọ́n á tún sọ fún yín pé kí ẹ ra èyí tí wọ́n ń pè ní fast. Ó le gan-an, kì í tẹ̀ fún ẹni tí kò tíì mọ àsìkò, ẹni náà á sì máa fi agbára ejìká dí i. Medium-fast ni kí ẹ bèèrè. Ilé iṣẹ́ Temple Fork Outfitters ní Dallas, ìyẹn tí olóògbé Lefty Kreh, ògbóǹtarìgì olùkọ́ ìjù fly, bá wọn ṣètò ọ̀pá wọn, ní èyí tó wà níwọ̀nba owó yín. Echo àti Redington náà ní. Ẹ má fẹ́ orúkọ. Ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kí ẹ jù ú lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Tí wọ́n bá kọ̀, ẹ lọ síbòmíràn.

Tí ọ̀pá bá gba $200, ẹ fi $110 ra ríìlì tí wọ́n dí bíréèkì rẹ̀ pa kí iyọ̀ má bàa wọ inú rẹ̀. Ẹ má ṣe fi okùn ṣe ahun: ẹ ná $90 lé e, kí ó sì jẹ́ ti omi gbígbóná. Okùn omi tútù á rọ̀ nínú oòrùn oṣù keje, á sì máa lẹ̀ mọ́ òrùka. $50 tó kù á ra okùn ìpìlẹ̀ tí ń wà nísàlẹ̀ ríìlì, okùn tẹ́ẹ́rẹ́ ti iwájú, àti ìjẹ mẹ́fà tàbí méje.

Èjìká ló kù. Láìsí níbẹ̀, mo lè sọ ohun tí ẹ ṣe láàárọ̀ yẹn: ẹ fún ìdí ọ̀pá pa, ẹ gbé ìgúnpá ga ju èjìká lọ, ẹ sì ń jù ú síwá sẹ́yìn lẹ́ẹ̀mẹ́fà kí ìjẹ tó kan omi. Mo ń rí i lójoojúmọ́ lára àwọn tí mò ń kọ́, àwọn ọkùnrin pàápàá. Àwọn obìnrin kì í sábà fi ipá bá a jà, wọ́n sì máa ń tètè mọ̀ ọ́n.

Ẹ di ìdí ọ̀pá mú bí ẹni mú ẹyin, àtàǹpàkò lókè. Kí ìgúnpá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìhà bí ẹni há ìwé ìròyìn sábíyá. Ẹ tẹ orí ọ̀pá wálẹ̀ títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan omi, kí ẹ sì fa okùn títí kò fi ní dẹ̀ mọ́. Ẹ wá gbé e sókè wọ́ọ́rọ́wọ́, kí ó máa yára sí i, kí ó máa yára sí i, kí ẹ sì dá ọwọ́ dúró gbọn-in nígbà tí àtàǹpàkò bá kọjú sókè. Ìdúró yẹn ni iṣẹ́ náà. Òun ló ń mú kí ọ̀pá tó tẹ̀ nà, kí ó sì ta okùn lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣe sùúrù. Ẹ yíjú wẹ̀yìn kí ẹ wo okùn bó ṣe ń tú bí ẹní tí a ta. Fún ẹsẹ̀ bàtà 40, àkókò náà tó láti sọ pé “mo ń bọ̀.” Tó bá ti nà tán, ẹ mú un bọ̀ wá síwájú bákan náà, ẹ tún dá a dúró. Tí ẹ bá gbọ́ “pà!” lẹ́yìn yín bíi kòbókò, ẹ kò dúró dè é nìyẹn, ó sì ṣeé ṣe kí ìjẹ ti já lọ.

Ẹ̀ẹ̀mejì síwá sẹ́yìn ti tó, kí ẹ fi lé omi. Ọwọ́ òsì náà ní iṣẹ́ tirẹ̀: ní ìgbà tí ọ̀pá bá ń yára jù lọ, ẹ fi fa okùn wálẹ̀ kíá, bíi ínṣì mẹ́fà. Ìfà yẹn ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ èjìká. Ṣùgbọ́n ẹ fi í sílẹ̀ títí di ọ̀sẹ̀ kẹta.

Orí koríko ni kí ẹ ti kọ́ ọ, kì í ṣe orí kọnkéré tó ń họ okùn lára. Ẹ so òwú pupa kékeré kan dípò ìwọ̀, kí ẹ fi àwo sí ẹsẹ̀ bàtà 30 àti 40. Ìṣẹ́jú 15 tó, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Tí èjìká bá ti ń sọ̀rọ̀, ẹ ká a nílẹ̀. Tó bá ń dùn yín láìju nǹkan kan, dókítà ni kó wò ó, kì í ṣe èmi.

Tí ẹ bá dé etí omi, ẹ wo ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń wá. Tó bá ń fẹ́ láti ọ̀tún, ó ń gbé ìwọ̀ bọ̀ wá sí orí yín ni. Ọdún kejì tí mo ń ṣe iṣẹ́ yìí ni mo gba tèmi sétí, lójú ẹni tó sanwó fún mi pé kí n kọ́ òun. Ẹ kẹ̀yìn sí ẹja, kí ẹ jẹ́ kí ìjù ẹ̀yìn gbé ìjẹ lọ bá a. Ẹ fi pílíásì tẹ ẹnu ìwọ̀ tó yọ sẹ́yìn pẹlẹbẹ, kí ẹ dé fìlà, kí ẹ wọ awò ojú. Ẹ máa wọ́ ẹsẹ̀ nínú omi, ẹ má gbé e; stingray, ẹja pẹlẹbẹ tó ní ẹ̀gún olóró nírù, máa ń ba sínú yanrìn níbẹ̀.

Tí ẹ bá délé, ẹ fi omi ẹ̀rọ ṣan ọ̀pá àti ríìlì, kí ẹ sì tú oríkèé mẹ́ta náà lálẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an. Mo fi tèmi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́ẹ̀kan. Èmi àti ìyàwó mi la jọ fà á kí ó tó já.