Ẹ jẹ́ kó tú táyà náà fúnra rẹ̀

Ẹ béèrè ohun tí bàbá lè kọ́ ọmọkùnrin ọmọ ọdún 14 kó tó kúrò nílé. Ìmọ̀ràn ẹnu kì í tán, ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ tèmi, kí ẹ kọ́kọ́ kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ táyà ọkọ̀. Sùúrù, ètò àti òótọ́ sísọ wà nínú iṣẹ́ yẹn, ọwọ́ rẹ̀ ló sì máa fi kọ́ wọn.

Ẹ ṣe é lọ́jọ́ tí táyà kankan ò jò, ní ojúmọmọ, lórí ilẹ̀ tó le tó sì tẹ́jú. Ẹ má ṣe é nígbà tí ẹ ní ibì kan láti lọ, torí ìkánjú bàbá ló sábà máa ń ba ẹ̀kọ́ yìí jẹ́.

Kó fa bíréèkì ọwọ́, kó fi ọkọ̀ sí gíà. Bó bá jẹ́ táyà iwájú lọ́tùn-ún ló fẹ́ tú, kó fi òkúta há ti ẹ̀yìn lósì. Lẹ́yìn náà ni nọ́ọ̀tì, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń ṣì í jù: wọ́n á ti fi jáàkì gbé ọkọ̀ kí wọ́n tó rántí tú u. Táyà tí kò kanlẹ̀ mọ́ á máa bá sípánà yí, ẹni tó bá ń fipá fà á lè ti ọkọ̀ ṣubú kúrò lórí jáàkì. Nígbà tí táyà ṣì wà nílẹ̀ ni kó dẹ nọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan, ìdajì yíyí péré. Bó bá le, kó fi sípánà sí i kí ọwọ́ sípánà náà nà gbọọrọ sí òsì, kó wá tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Bí ara ṣe wúwo tó yóò ràn án lọ́wọ́ ju apá lọ.

Abẹ́ etí ọkọ̀, níbi tí ìwé ọkọ̀ júwe, ni jáàkì ń gbé. Bó bá ti sún sábẹ́ páànù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, á tẹ̀ wọnú. Kó ti táyà ẹ́sítírà sábẹ́ ara ọkọ̀ kó tó yọ èyí tó jò. Bí jáàkì bá yọ̀, orí táyà ẹ́sítírà náà ni ọkọ̀ máa bọ́ sí. Kó má ki orí tàbí ẹsẹ̀ bọ abẹ́ ọkọ̀ rárá. Èyí nìkan ni kí ẹ pariwo lé lórí.

Bó bá ń dá nọ́ọ̀tì padà, ẹnu tó rí ṣóńṣó ló ń kọjú sí táyà. Ọwọ́ lásán ni kó fi yí i ní ẹ̀ẹ̀mẹta ó kéré tán. Ẹni tó bá fi sípánà bẹ̀rẹ̀ lè wọ́ ọ gba ọ̀nà òdì, ìlà inú rẹ̀ á sì bàjẹ́. Bí nọ́ọ̀tì bá jẹ́ 5, kó máa fo ọ̀kan: 1, 3, 5, 2, 4. Bó bá fún wọn tẹ̀léra, táyà á jókòó wọ́, ó sì lè máa tú lójú ọ̀nà. Kó sọ ọkọ̀ kalẹ̀ kó tó fún wọn tán.

Iṣẹ́ tiyín ni kí ẹ di ọwọ́ sẹ́yìn. Bó bá gbàgbé òkúta, ẹ má gbé e sí i fún un. Ẹ dá a dúró, kí ẹ bi í pé, “Kí ló di ọkọ̀ yìí mú?” kí ẹ sì dákẹ́ títí á fi rí i. Bí nọ́ọ̀tì kan bá sọnù, tó sì sọ fún yín, ẹ kí i pé ó ṣeun, kí ẹ jọ wá a. Ọmọ tí wọ́n bú nítorí nọ́ọ̀tì tó jẹ́wọ́ rẹ̀ kò ní sọ ti ọjọ́ mìíràn, ọkọ̀ tí ènìyàn kún inú rẹ̀ ni yóò sì gbé àṣírí náà lọ.

Afẹ́fẹ́ kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀: iye tó wà lára ilẹ̀kùn awakọ̀ ni kó tẹ̀ lé, kì í ṣe ti ara táyà, torí òpin tí táyà lè gbà nìyẹn. Kó máa wọ̀n ọ́n lóṣooṣù nígbà tí táyà bá tutù, kó má sì yọ ẹ́sítírà sílẹ̀.

Bí ọkọ̀ bá ti rin nǹkan bíi kìlómítà 80, ẹ dúró, kí ẹ na sípánà sí i kó tún fún àwọn nọ́ọ̀tì náà wò.