Èsì: Kí ló kan gàrí kan dọ́là?

Ọ̀gá mi, ẹ ní pẹ́ ẹ̀ rí ọ̀nà tí dọ́là gbà kan gàrí, ṣebí Òkè-Ògùn ni wọ́n ti ń gbé e bọ̀ wá sí ọjà Bódìjà n'Ìbàdàn. Ọkọ̀ ló ń gbé e o! Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́ náà, epo ló ń mu, pẹtiróòlù tí ò sì tó 200 náírà lítà kan, kí wọ́n tó yọ owó ìrànwọ́ lórí ẹ̀ níparí oṣù karùn-ún 2023, ó kọjá 500 láàárín ọjọ́ díẹ̀. Dọ́là sì ni wọ́n fi ń ra epo yẹn wọlé láti òkè òkun nígbà náà. Oṣù tó tẹ̀lé e ni ìjọba tún tú náírà sílẹ̀ kí ọjà fúnra ẹ̀ máa pinnu iye tó máa jẹ́, dọ́là tó wà ní bíi 460 ní báńkì, nígbà tó fi máa di oṣù kejì 2024 ó ti lé ní 1,500.

Ìyá àwọn ọmọ mi tó máa ń ra gàrí ní àpò, kóńgò ló ń rà báyìí, agolo mílíìkì ló fi ń wọ̀n ọ́n, agolo méjì láàárọ̀, ó pin. Èmi ò tiẹ̀ gbọdọ̀ sọ pé kò yó mi.

Ìjọba sọ owó oṣù tó kéré jù di 70,000 lóṣù keje 2024, ó dáa, àmọ́ èmi tí mo jẹ́ télọ̀, ta ni yóò fi kún tèmi? Tí mo bá ní kí n fi kún owó iṣẹ́, kọ́sítọ́mà á ní kí n kó aṣọ òun fún òun.