Ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n yí síkúrù lésà inú graveur yín

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Ọ̀gá. Kétu ni mo ti ń kọ̀wé sí yín. Mo fẹ́ kọ fídíò ìsìnkú ìyá wa àgbà sórí DVD, nítorí pé ẹ̀rọ DVD àtijọ́ tó wà ní pálọ̀ nìkan ni àwọn àgbà ilé mọ̀ ọ́n lò. Gbogbo díìsì tí mo bá fi sínú graveur, ìyẹn ẹ̀rọ tí kọ̀ǹpútà fi ń kọ nǹkan sórí díìsì, ló ń bàjẹ́: àwọn kan kò tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀, àwọn mìíràn á sì dúró nígbà tó bá kù díẹ̀ kí wọ́n parí. Ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ládùúgbò wa ní lésà graveur náà, ìyẹn ìmọ́lẹ̀ tó fi ń ka díìsì tó sì fi ń kọ ọ́, ti gbó, pé òun yóò fi lọ́fínńdà nu ojú rẹ̀, òun yóò sì yí síkúrù kan nínú rẹ̀ kí agbára rẹ̀ lè pọ̀ sí i. 5,000 fáráńkì ló ní kí n mú wá. Graveur náà ṣì ń ka fíìmù tí a bá rà lọ́jà dáadáa. Ṣé kí n gbà fún un?

Ìdáhùn: Ẹ má gbà fún un. Ọ̀rọ̀ síkúrù yìí ti sú mi, nítorí pé ẹ̀yìn ìgbà tí wọ́n bá ti yí i tán ni àwọn ènìyàn máa ń gbé graveur wọn wá bá mi ní Àjàṣẹ́ níbí, nígbà tí kò sí ohun tí a lè ṣe sí i mọ́.

Òótọ́ ni pé síkúrù kékeré kan wà nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ àtijọ́ tó ń ka CD, èyí tí ilé iṣẹ́ fi ń díwọ̀n iná tó ń lọ sínú lésà. Ibẹ̀ ni àṣà yìí ti ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n kíkà yàtọ̀ sí kíkọ. Bí ẹ̀rọ bá ń ka díìsì, ìmọ́lẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ tó tàn sára díìsì tó sì padà wá ti tó. Bí ó bá ń kọ̀wé sórí rẹ̀, lésà gbọ́dọ̀ gbóná tó láti yí aró tó wà nínú díìsì náà padà. Kì í ṣe ọwọ́ ènìyàn ló ń díwọ̀n agbára yìí. Nígbàkúùgbà tí ẹ bá ti díìsì òfìfo bọ inú graveur, yóò kọ́kọ́ ka àmì ìdánimọ̀ tí ilé iṣẹ́ fi sára díìsì náà, yóò wò ó bóyá irú díìsì bẹ́ẹ̀ wà nínú àkọsílẹ̀ tirẹ̀, lẹ́yìn náà ni yóò dán agbára lésà wò ní ibì kékeré kan tí a yà sọ́tọ̀ fún ìdánwò nítòsí àárín díìsì, bí alásè ṣe ń tọ́ ọbẹ̀ wò kó tó mọ̀ bóyá iyọ̀ tó. Bí ìdánwò náà bá kùnà, kọ̀ǹpútà lè kọ ọ́ síta pé “power calibration error”. Ohun tí ìkìlọ̀ yìí ń sọ ni pé ẹ̀rọ náà kò rí ìwọ̀n agbára tó bá díìsì yẹn mu. Kò sọ pé ẹ yí síkúrù.

Ẹni tó bá ń yí nǹkan nínú rẹ̀ láìní irinṣẹ́ tí a fi ń wọn ìmọ́lẹ̀ lésà, iná tó pọ̀ ju ìwọ̀n lọ ló ń tì gba inú lésà náà. Ó lè jọ pé ó ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan, lẹ́yìn náà ni yóò jó, fíìmù tó sì ń kà lónìí, kò ní lè kà á mọ́. Ewu kan tún wà tó ju ti owó lọ. Ìtànṣán pupa, 650 nánómítà, ni wọ́n fi ń kọ DVD. Ti CD jẹ́ 780, ojú ènìyàn kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ rí i rárá, nítorí náà ó lè wọ ojú kí ó sì ba ojú jẹ́ kí ẹni náà tó fura. Ẹ má ṣe tan graveur tí wọ́n ti tú láéláé, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọdé sún mọ́ ọn. Ní ti lọ́fínńdà, òróró àti àwọ̀ wà nínú rẹ̀, wọ́n á sì lẹ̀ mọ́ lẹ́ǹsì kékeré náà. Bí eruku ọyẹ́ bá wọlé, atẹ́gùn díẹ̀ láti inú rọ́bà ìfẹ́ eruku ti tó.

Kí ló wá ń ba díìsì yín jẹ́? Ibi tí ó ti ń dúró ni yóò sọ fún wa. Láti àárín lọ sí etí ni a ti ń kọ DVD. Èyí tí kò bẹ̀rẹ̀ rárá, ó lè jẹ́ pé graveur kò mọ irú díìsì náà, tàbí pé iná kò tó. Bí graveur yín bá jẹ́ ti ìta tí a ń fi okùn USB so mọ́ kọ̀ǹpútà, ẹ fura sí iná: 500 mílíáńpíà ni ojú USB 2.0 wà fún, nígbà tí mọ́tò tó ń yí díìsì àti lésà tó ń kọ̀wé lè béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ojú kọ̀ǹpútà gan-an ni kí ẹ so ó mọ́, kí ẹ sì lo okùn olórí méjì bí ó bá bá a wá.

Èyí tó ń dúró nígbà tó kù díẹ̀, etí díìsì ni mo fura sí. Ibẹ̀ ni aró díìsì olówó pọ́ọ́kú kì í ti í dọ́gba, ibẹ̀ náà sì ni kíkọ ti máa ń yá jù. Ẹ mú díìsì òfìfo kan jáde sí ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán, kí ẹ yí ẹ̀yìn rẹ̀ síwá sẹ́yìn: bí ẹ bá rí àbàwọ́n tàbí ibi tí àwọ̀ rẹ̀ ti ṣú bí ìkùukùu létí, ẹ má fi kọ nǹkan kan. Díìsì tí wọ́n ti sá sínú oòrùn lórí àtẹ kò dára fún iṣẹ́ yìí, orúkọ yòówù tí ì báà wà lára páálí rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ ra díìsì òfìfo DVD-R méjì tí ilé iṣẹ́ wọn yàtọ̀, láti inú ṣọ́ọ̀bù. Ẹ lo ImgBurn, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń kọ díìsì, ọ̀fẹ́ ni, yóò sì fi àmì ẹni tó ṣe díìsì náà hàn yín. Ẹ yan ìyára kíkọ 8x dípò 16x, kí ẹ sì jẹ́ kí ó yẹ ohun tó kọ wò lẹ́yìn tó bá parí. Ẹ wo ìwọ̀n fídíò yín pẹ̀lú, nítorí pé 4.7 gígábáìtì tí wọ́n kọ sára díìsì, nǹkan bí 4.38 ni Windows yóò kà á sí. Fáìlì MP4 tí ẹ kàn gbé sórí díìsì kò ní ṣí nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ àtijọ́. Ẹ kọ́kọ́ fi ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní DVDStyler sọ ọ́ di DVD-Video, irú èyí tí ẹ̀rọ DVD pálọ̀ lè kà, kí ẹ sì rí i dájú pé ẹ ti díìsì náà pa nígbà tí ẹ bá kọ ọ́ tán, èyí tí wọ́n ń pè ní finaliser.

N kò rí ẹ̀rọ yín, nítorí náà n kò lè búra. Kíka fíìmù dáadáa kò fi hàn pé agbára kíkọ ṣì wà, nítorí pé agbára tí kíkọ ń béèrè pọ̀ ju ti kíkà lọ fíìfíì. Bí díìsì méjèèjì bá kùnà, tí iná sì tó, a jẹ́ pé ó ṣeé ṣe kí lésà náà ti gbó lóòótọ́, odindi graveur ni ẹ óò sì pààrọ̀. Bí ó bá jẹ́ ti inú kọ̀ǹpútà alágbèéká, ẹ wọn bí ó ṣe nípọn tó kí ẹ tó ra òmíràn: èyí tó jẹ́ 12.7 mílímítà kò ní wọ àyè èyí tó jẹ́ 9.5.