Ẹ Bi Wá Léèrè: Àbúrò Mi Ti Dé Jámánì, Kò Rí Owó Rẹ̀ Gbà

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Àbúrò mi obìnrin, tí ó kàwé jáde ní LAUTECH níbí, ti lọ sí ìlú Leipzig ní Jámánì láti kẹ́kọ̀ọ́ gboyè kejì. Kí wọ́n tó fún un ní físà, gbogbo ẹbí ni a jọ dá owó tí wọ́n ní kí ó fi pamọ́ lọ́hùn-ún. Ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ó ti débẹ̀, kò tíì fojú kan owó náà. Ó ní ibi tí òun bá dé, ìwé kan tí òun kò ní ni wọ́n ń béèrè. Ó tún ní wọn kì í kí ènìyàn níbẹ̀, àti pé ará ìsàlẹ̀ ilé wá kan ilẹ̀kùn lọ́jọ́ Àìkú tí òun ń gúnyán. Ẹkún ló fi ń bá mi sọ̀rọ̀. Kí ni kí n sọ fún un? — Ẹ̀gbọ́n, Sábó, Ògbómọ̀ṣọ́.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú àmójútó àbúrò o. Ìwé tí wọ́n ń béèrè ni ẹ̀rí pé ó ti lọ fi orúkọ àti àdírẹ́sì rẹ̀ sílẹ̀ ní ọ́fíìsì ìjọba ìlú náà. Òfin Jámánì ní láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tí ènìyàn bá kó wọ ilé ni ó gbọ́dọ̀ ṣe é, ìbáà jẹ́ ọmọ onílẹ̀ tàbí àlejò. Nílé níhìn-ín, bí àlejò bá wọ àdúgbò, onílé rẹ̀ ni yóò mú un lọ fojú han àwọn àgbà. Lọ́hùn-ún, onílé náà ni yóò buwọ́ lu fọ́ọ̀mù kan tí ó jẹ́rìí pé òun ni òun gbà á sílé, fọ́ọ̀mù yìí àti ìwé ìrìnnà rẹ̀ ni yóò sì mú lọ. Ìwé àdéhùn owó ilé nìkan kò tó. Kí ó má tìtorí pé ọjọ́ ti kọjá jókòó sílé. Kí ó gba ọjọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, bí gbogbo ọjọ́ bá sì ti kún, kí ó máa tún un wò láràárọ̀, nítorí àwọn mìíràn a máa fagi lé ti wọn.

Kò sí ẹni tí ó gbé owó yín mì. Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, 11,904 yúrò ni akẹ́kọ̀ọ́ ní láti fi hàn fún ọdún kan, 992 yúrò ni wọ́n sì ń tú sílẹ̀ lóṣooṣù sínú ákáǹtì mìíràn tí ó bá ṣí fún ìnáwó rẹ̀. Ọ̀pọ̀ báńkì kì í ṣí ákáǹtì yìí fún ẹni tí kò tíì forúkọ sílẹ̀ níjọba ìlú. Lẹ́yìn ìforúkọsílẹ̀ náà ni nọ́ńbà owó orí rẹ̀, tí ẹni tí ó bá gbà á síṣẹ́ yóò béèrè, yóò tó wá nínú lẹ́tà.

Ẹ wá bi í bóyá orúkọ rẹ̀ wà lára àpótí lẹ́tà. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wọn kì í sábà ní nọ́ńbà yàrá. Orúkọ tí ó wà lára àpótí àti lára aago ẹnu ọ̀nà ni agbélẹ́tà ń wò. Bí orúkọ ẹni tí ó kó jáde bá ṣì wà níbẹ̀, lẹ́tà báńkì, káàdì, àti nọ́ńbà àṣírí káàdì náà tí ó máa ń wá nínú àpòòwé ọ̀tọ̀, lè padà síbi tí wọ́n ti wá. Kí ó gé pẹlẹbẹ bébà kan, kí ó kọ orúkọ ìdílé sí i bí ó ti wà nínú ìwé ìrìnnà, kí ó sì fi téèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ àpótí náà lónìí.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ kò gbọ́dọ̀ fojú kékeré wo ọ̀rọ̀ ìwé. Àwọn bàbá wa ṣòwò dé Tamale ní àríwá Gánà, wọ́n bímọ síbẹ̀, wọ́n sì gbọ́ èdè ibẹ̀. Síbẹ̀, lọ́jọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia, olórí ìjọba Gánà nígbà náà, pàṣẹ pé kí àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú wá a láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tàbí kí ó kó ẹrù rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ni ó fi ọjà àti ilé sílẹ̀ padà wálé. Nítorí náà, kí ó ti gba ọjọ́ fún ìwé ìgbélùú tirẹ̀ kí físà rẹ̀ tó sún mọ́ àtitán.

Ní ti ìkíni, òótọ́ ni pé wọn kì í kí ẹni tí wọn kò mọ̀ lójú títì. Ṣùgbọ́n lórí àtẹ̀gùn ilé, àti nínú yàrá tí aláìsàn ti ń dúró de dókítà, wọ́n ń kí ara wọn. Kí ó máa ṣáájú wọn kí. Ará ìsàlẹ̀ náà kò kórìíra rẹ̀: ọjọ́ Àìkú jẹ́ ọjọ́ ìsinmi lábẹ́ òfin níbẹ̀, ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ni ó ń tì, ariwo sì di èèwọ̀, bí ó ti rí láti aago mẹ́wàá alẹ́ sí mẹ́fà òwúrọ̀. Kí ó máa gúnyán lọ́sàn-án Àbámẹ́ta, kí ó tẹ́ aṣọ tí ó nípọn sábẹ́ odó, kí ó sì lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ará ìsàlẹ̀, kí ó sọ orúkọ rẹ̀ fún un. Kí ó tún wọ kíláàsì èdè Jámánì, kódà bí ó bá jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ́ ọ ní yunifásítì.

ÌBÉÈRÈ: Ìgbà wo ni ó dára láti máa pe ọmọ mi ní Hamburg? Ó ní oorun ń kun òun ṣáá, kò sì fi owó ránṣẹ́ mọ́. — Ìyá akẹ́kọ̀ọ́, Ọ̀yọ́.

ÌDÁHÙN: Láti ìparí oṣù kẹwàá sí ìparí oṣù kẹta, aago kan náà ni ẹ jọ ń lò, ní oṣù yòókù, wọ́n fi wákàtí kan ṣáájú wa. Ṣùgbọ́n nínú oṣù kejìlá, oòrùn Hamburg kì í yọ títí aago mẹ́jọ ààbọ̀ yóò fi lù, yóò sì ti wọ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Òkùnkùn yìí a máa mú kí ó rẹ àlejò. Kí ó máa rìn jáde lọ́sàn-án. Bí àárẹ̀ náà kò bá sì lọ, kí ó rí dókítà. Ní ti owó, ọjọ́ iṣẹ́ 140 lọ́dún, tàbí ìdajì ọjọ́ 280, ni òfin gba irú rẹ̀ láyè láti ṣe, nínú rẹ̀ ni owó ilé àti oúnjẹ sì wà. Mo bẹ̀ yín, ẹ má mẹ́nu ba owó lọ́dún àkọ́kọ́ yìí. Ẹ máa pè é nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú.