Kọ̀ǹpútà mẹ́jọ kò yára tó ẹyọ kan!

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi àtàwọn ẹlẹgbẹ́ mi so kọ̀ǹpútà mẹ́jọ mọ́ switch kan (àpótí tó ń pín ìránṣẹ́ láàárín wọn), a ní kí wọ́n jọ ṣírò bí ooru ṣe ń ràn káàkiri inú irin. Ẹyọ kan ṣe é ní ìṣẹ́jú 11. Àwọn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ lo 14! Bẹ́ẹ̀ switch gígábíìtì (bíìtì bílíọ̀nù kan ní ìṣẹ́jú-àáyá kan) ni o. Báwo wá ni Frontier, kọ̀ǹpútà ńlá ti Amẹ́ríkà, ṣe ń so ẹgbẹẹgbẹ̀rún kọ̀ǹpútà pọ̀?
Akẹ́kọ̀ọ́ físíìsì, Ògbómọ̀ṣọ́

ÌDÁHÙN: Àbúrò, mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀yin kọ́ ni mo ń rín. Mo tọ́jú irú ẹ̀ rí, kọ̀ǹpútà 16, ní yunifásítì kan tí mi ò ní dárúkọ. Lọ́jọ́ kan gbogbo rẹ̀ ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi ń tú kóòdù wò. Àṣé eku ti jẹ okùn kọ̀ǹpútà keje! Iná rẹ̀ lórí switch ti kúrò ní àwọ̀ ewé, ó ti di àwọ̀ ọsàn: ìyára okùn yẹn ti já sí ìdá kan nínú mẹ́wàá. Kò sóhun tó ṣe àwọn 15 yòókù. Òun ni wọ́n ń dúró dè.

Ìdúró yẹn náà ló ń pa tiyín. Kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan di apá kan irin yẹn mú, ní gbogbo ìgbésẹ̀ ló sì ń bi aládùúgbò rẹ̀ pé, “Ooru ẹ̀gbẹ́ tìrẹ ti tó mélòó?” Títí ìdáhùn yóò fi dé, kò lè tẹ̀ síwájú. Bíńtín sì lọ́rọ̀ tí wọ́n ń sọ. Gígábíìtì ń sọ bí ọ̀nà ṣe fẹ̀ tó ni. Kò sọ bó ṣe máa pẹ́ tó kí ìránṣẹ́ kan tó dé.

Ní 2003, Virginia Tech so Power Mac G5 1,100 pọ̀, ẹ̀rọ tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n sì gba ipò kẹta nínú TOP500, àkójọ kọ̀ǹpútà 500 tó yára jù lágbàáyé. InfiniBand, irú nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan tó yára, ni wọ́n fi so wọ́n. Káàdì rẹ̀ kì í kan ìlẹ̀kùn: ó máa ń na ọwọ́ tààrà sínú ìkòkò aládùúgbò (ìyẹn mẹ́mọ́rì rẹ̀), á bu ọbẹ̀ sí i, ẹni tó ń sùn ò ní jí. Ìránṣẹ́ tiyín gbọ́dọ̀ gba ọ̀dọ̀ Linux, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, níbí àti lọ́hùn-ún, wọ́n á sì máa ṣe àdàkọ rẹ̀ lójú ọ̀nà.

Frontier, tó wà ní Oak Ridge, Tennessee, tó sì gba ipò kìíní nínú àkójọ TOP500 ti oṣù kẹfà 2022, ní kọ̀ǹpútà tó lé ní 9,400. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ẹnu nẹ́tíwọ́ọ̀kì mẹ́rin, gígábíìtì 200 ní ẹnu kan. Slingshot ni wọ́n ń pe nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà, ìdílé Ethernet (ọ̀nà tí okùn nẹ́tíwọ́ọ̀kì lásán ń gbà sọ̀rọ̀) tí switch yín ti wá ni òun náà ti wá! Agboolé-agboolé ni wọ́n to switch rẹ̀: gbogbo àwọn tó wà nínú agboolé kan ló so mọ́ra wọn, agboolé kọ̀ọ̀kan sì ní ọ̀nà tààrà sí gbogbo ìyókù. Bí ọ̀nà bá ṣófo, ìránṣẹ́ kì í fò ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ láti switch kan sí òmíràn. Bí ọ̀nà bá dí, á ya gba agboolé ẹlòmíràn kọjá.

Ẹ má tíì na owó kankan. Ẹ yẹ iná orí switch yín wò. Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kí kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan gba ìlà márùn-ún ti nọ́ńbà ooru lọ́wọ́ aládùúgbò lẹ́ẹ̀kan dípò ẹyọ kan, kó gbé ìgbésẹ̀ márùn-ún kó tó tún béèrè. Á tún ìṣirò díẹ̀ ṣe lẹ́ẹ̀mejì, ìyẹn ò ṣe nǹkan kan. Ẹ wá kọ̀wé sí mi, kí ẹ sọ iye ìṣẹ́jú tó kù nínú 14 yẹn.