Ọjọ́ méje ní Cape Town: ṣé kí a fi aago sí gbogbo ibi tí a ó lọ?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi, ìyàwó mi, ọmọbìnrin wa tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 11, àti ìyá mi tí orúnkún ń yọ lẹ́nu, fẹ́ lo ìsinmi ní Cape Town láti 27 oṣù Kejìlá sí 3 oṣù Kìíní. A ti gba físà. Ọ̀rẹ́ mi kan fún mi ní ìwé ètò tí òun fi lọ, tí ó to ọjọ́ àti aago gbogbo ibi tí a ó wò lẹ́sẹẹsẹ. Ó fún ọgbà àjàrà Stellenbosch nìkan ní odidi ọjọ́ méjì. Ṣé kí n tẹ̀ lé e? Kí sì ni a kò gbọdọ̀ má rí? Òǹkàwé kan, Abẹ́òkúta.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìmúra ìrìn-àjò, sà. Ẹ má ṣe tẹ̀ lé ìwé ètò yẹn bí ó ti wà. Kì í ṣe pé àwọn ibi tí ọ̀rẹ́ yín kọ sílẹ̀ kò dára, ṣùgbọ́n ní Cape Town, afẹ́fẹ́ ni ó ń pín ọjọ́ fún àlejò, pàápàá ní oṣù Kejìlá àti oṣù Kìíní tí ó jẹ́ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tiwọn. Ẹni tí ó bá ti ilé pinnu pé ọjọ́ Ajé ni òun yóò gun òkè, tí ẹ̀fúùfù bá dé lọ́jọ́ Ajé, ìsàlẹ̀ òkè ni yóò dúró sí pẹ̀lú tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́. Nítorí náà, ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ dá ọjọ́ fún, èyíinì ni erékùṣù Robben. Ìyókù, ẹ máa pinnu rẹ̀ láràárọ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá ti ojú fèrèsé wo orí òkè.

Òkè tí mò ń wí ni Table Mountain, tí orí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, tí ó sì ga tó 1,086 mítà. Láti ọdún 1929 ni ọkọ̀ tí wáyà ń fà ti ń gbé ènìyàn gòkè níbẹ̀. Èyí tí wọ́n ń lò láti 1997 ń gba ènìyàn 65 lẹ́ẹ̀kan, ilẹ̀ inú rẹ̀ sì máa ń yí bí ó ti ń gòkè, kí olúkúlùkù lè rí ìlú àti òkun láì du fèrèsé mọ́ ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Bí ìṣẹ́jú márùn-ún ni ìrìn náà. Ibi tí wàhálà wà ni ẹ̀fúùfù líle tí ó máa ń fẹ́ láti gúúsù-ìlà-oòrùn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ó ń gbé ọ̀rinrin bọ̀ láti ojú òkun. Nígbà tí òkè bá dènà rẹ̀ tí ó sì ní láti gba orí rẹ̀ kọjá, ọ̀rinrin yẹn á tutù, á di ìkùukùu funfun tí yóò tẹ́ sí gbogbo orí òkè, tí yóò sì máa ṣàn lọ sí apá kejì. Ó dùn ún wò láti ìsàlẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ bá ti rí i, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti dá ọkọ̀ dúró, bí wọn kò bá sì tíì dá a dúró, kùrukùru nìkan ni ẹ ó rí lókè.

Nítorí náà, òwúrọ̀ àkọ́kọ́ tí ojú ọ̀run bá mọ́ tí afẹ́fẹ́ sì rọ̀, ẹ lọ, ìbáà jẹ́ òwúrọ̀ ọjọ́ kejì tí ẹ dé tí oorun ṣì wà lójú gbogbo yín. Ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ kà á dáadáa kí ẹ tó sanwó, kí ẹ rí i pé ó fún yín ní àyè ọjọ́ mélòó kan láti lò ó. Kí ẹ sì tètè jáde, nítorí pé lásìkò ọdún, àwọn èrò máa ń to ìlà gígùn bí ilẹ̀ bá ti mọ́ dáadáa. Ìyá wa lè lọ láìsí ìfòyà, nítorí pé wọ́n ti tẹ́ òkúta sí ojú ọ̀nà kúkúrú tí ó yí ibùdókọ̀ òkè ká. Kí wọ́n mú aṣọ òtútù dání, torí pé ìsàlẹ̀ lè gbóná kí òkè sì tutù. Bí ẹ̀yin àti ọmọ bá fẹ́ fi ẹsẹ̀ gùn ún, ọ̀nà Platteklip Gorge ló ṣe tààrà jù, ó ń gba bíi wákàtí méjì sí mẹ́ta. Àtẹ̀gùn òkúta gíga-gíga ni, ibòòji rẹ̀ kò pọ̀. Ẹ má sì dá nìkan gbà á, nítorí pé àwọn olè ti dá àlejò lọ́nà rí ní àwọn ọ̀nà kan lórí òkè yẹn.

Ní ti erékùṣù Robben, ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ báyìí, kí ẹ tó ra ohunkóhun mìíràn, torí pé àyè máa ń tán lásìkò ọdún. Ẹ fi í sí ọjọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta, kí ó má ṣe jẹ́ ọjọ́ tí ó kẹ́yìn ìrìn-àjò yín, nítorí pé bí ìgbì òkun bá le, wọ́n máa ń dá ọkọ̀ ojú omi dúró, ẹ ó sì nílò ọjọ́ tí wọn yóò sún yín sí. Láti ẹnu ibodè Nelson Mandela ní etí omi V&A Waterfront ni ọkọ̀ ti ń gbéra, àlọ, ìbẹ̀wò àti àbọ̀ lápapọ̀ sì ń gba bíi wákàtí mẹ́ta àbọ̀. Ẹ ó fi bọ́ọ̀sì yí erékùṣù náà ká, lẹ́yìn náà ni ẹ ó wọ inú ọgbà ẹ̀wọ̀n, níbi tí ó ti jẹ́ pé àwọn tí wọ́n fìgbà kan ṣẹ̀wọ̀n òṣèlú níbẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń ṣàlàyé fún àlejò. Ọdún 18 nínú ọdún 27 tí Mandela lò lẹ́wọ̀n, ibẹ̀ ni ó ti lò ó, láti 1964 sí 1982. Gbogbo ènìyàn ló ń ya fọ́tò yàrá kékeré tí ó sùn sí. Èmi a máa sọ fún àwọn tí mo bá ń ṣètò ìrìn-àjò fún pé kí wọ́n bèèrè ilé Robert Sobukwe pẹ̀lú, aṣáájú òṣèlú kan tí ó bá ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà jà: nígbà tí ó parí ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta, ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà ṣe òfin kan nítorí tirẹ̀, wọ́n sì dá a dúró síbẹ̀ ní òun nìkan láti 1963 sí 1969. Ẹ sọ ìtàn wọ̀nyí fún ọmọ kí ẹ tó lọ, nítorí pé ọmọ tí kò bá mọ ẹni tí wọ́n ń sọ yóò sú kíákíá. Ẹni tí omi bá sì máa ń kọ́ ní èébì, kí ó lo oògùn rẹ̀ kí ó tó wọ ọkọ̀.

Odidi ọjọ́ kan ni kí ẹ fún ìrìn lọ sí Cape Point, ṣóńṣó ilẹ̀ tí ó yọ sínú òkun ní gúúsù ìlú, kí ẹ sì gba mọ́tò pẹ̀lú awakọ̀, torí pé apá òsì ni wọ́n ń gbà wakọ̀ níbẹ̀, ọ̀nà etí òkun kì í sì í ṣe ibi tí ènìyàn ń kọ́ irú rẹ̀. Ní àlọ, ẹ dúró ní Boulders, lẹ́bàá Simon's Town, kí ọmọ rí àwọn ẹyẹ pẹ́ńgúìnì. Tọkọtaya méjì péré ni wọ́n kọ́kọ́ wá tẹ̀dó síbẹ̀ ní 1982 kí wọ́n tó di ọ̀pọ̀. Ṣùgbọ́n irú ẹyẹ yìí ń dínkù gan-an ní gbogbo Áfíríkà, débi pé ní 2024 wọ́n kà á mọ́ àwọn tí ó sún mọ́ àkúrun pátápátá. Ọ̀nà onípákó ni ẹ ó gbà wò wọ́n, ó sì rọrùn fún orúnkún Ìyá wa. Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn wọ́n, ẹnu wọn mú.

Ní Cape Point, ọkọ̀ ojú irin kékeré kan wà tí yóò gbé Ìyá wa dé ìtòsí ilé ìmọ́lẹ̀ àtijọ́. Wọ́n tan iná ilé yẹn ní 1860 láti máa tọ́ àwọn ọkọ̀ ojú omi sọ́nà, ṣùgbọ́n ó ga jù, kùrukùru a sì máa bò ó mọ́ àwọn atukọ̀ lójú. Lẹ́yìn tí ọkọ̀ àwọn ará Pọtogí kan tí ń jẹ́ Lusitania kọlu àpáta níbẹ̀ ní 1911 ni wọ́n kọ́ òmíràn sí ìsàlẹ̀. Wọn yóò máa sọ fún yín pé ibẹ̀ ni òpin Áfíríkà níhà gúúsù. Kò rí bẹ́ẹ̀, Cape Agulhas ni, ó sì tún jìnnà sí ibẹ̀. Ẹ ti fèrèsé ọkọ̀, kí ẹ má sì gbé oúnjẹ lọ́wọ́, torí pé àwọn ọ̀bọ ńláńlá tó wà níbẹ̀ kì í tọrọ, wọ́n ń já a gbà ni. Ẹ gba ọ̀nà Chapman's Peak padà ní ìrọ̀lẹ́: kìlómítà 9 tí ó ní kọ́nà 114, òkun lápá kan, àpáta lápá kejì. Ní oṣù Kejìlá, oòrùn kì í wọ̀ títí di nǹkan bí aago mẹ́jọ alẹ́, nítorí náà ẹ kò ní láti kánjú.

Òkun Clifton àti Camps Bay lẹ́wà púpọ̀, àmọ́ ojú ni kí ẹ fi jẹ ẹ́. Omi tútù láti ìhà gúúsù ni ó ń ṣàn gba ibẹ̀, ẹni tí òkun Èkó bá ti mọ́ lára yóò kígbe bí ó bá ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Muizenberg, lápá kejì, lọ́ wọ́ọ́rọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ibẹ̀ ni kí ọmọ ti wẹ̀.

Ọjọ́ tí afẹ́fẹ́ bá le, inú ìlú ni kí ẹ wà. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé District Six ni mo fi ṣíwájú. Ní 1966 ni ìjọba kéde pé àwọn aláwọ̀ funfun nìkan ni ó ni àdúgbò náà, wọ́n sì lé ènìyàn tí ó ju 60,000 lọ kúrò nílé wọn. Inú ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ kan ni wọ́n ṣí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé náà sí ní 1994, wọ́n sì tẹ́ àwòrán gbogbo òpópónà àdúgbò sílẹ̀, níbi tí àwọn tí wọ́n lé jáde ti kọ orúkọ sí ibi tí ilé wọn wà. Ẹ̀yìn ìyẹn ni kí ẹ lọ sí Bo-Kaap, àdúgbò àwọn Mùsùlùmí tí wọ́n kun ilé ní oríṣiríṣi àwọ̀, tí mọ́ṣáláṣí Auwal sì ti wà láti 1794. Ilé ènìyàn ni àwọn ilé náà o. Ẹ má gun àkàsọ̀ ẹnu ọ̀nà wọn nítorí fọ́tò.

Ọjọ́ tí ẹ yàn tún fún yín ní ohun kan tí kò sí nínú ìwé ọ̀rẹ́ yín. Ní 2 oṣù Kìíní, tàbí ọjọ́ tí ó sún mọ́ ọn, ẹgbẹ́ akọrin Kaapse Klopse máa ń wọ aṣọ aláràbarà, wọ́n á kun ojú, wọ́n á sì máa jó gba àárín ìlú. Ìgbà ẹrú ni ó ti ṣẹ̀ wá, nígbà tí ọjọ́ kejì ọdún jẹ́ ọjọ́ ìsinmi fún àwọn ẹrú. Ẹ bèèrè ọjọ́ tí wọ́n mú gan-an, kí ẹ sì mọ̀ pé wọ́n máa ń ti ọ̀nà.

Kí ẹ má gbàgbé ìwé abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú àti ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí ọmọ.

Ọjọ́ méjì ti Stellenbosch ni kí ẹ yọ, kí ẹ fi wọ́n sílẹ̀ fún afẹ́fẹ́. Bí ìyàwó yín bá fẹ́ rí ọgbà àjàrà dandan, Groot Constantia, tí ó ti wà láti 1685, wà nínú Cape Town níbẹ̀, ìdajì ọjọ́ sì tó o.